Volt ló ba inverter mi jẹ́, kì í ṣe watt

Bí ẹ bá ń gbèrò láti ra panel sólà kún èyí tẹ́ ẹ ti ní, ẹ jọ̀ọ́, ẹ kọ́kọ́ ka èyí. Owó inverter kan gbáko ni mo fi kọ́ ọ.

Inverter 5 kilowatt ni mo rà níbẹ̀rẹ̀. Owó tó ṣẹ́ kù ra panel mẹ́rin péré, 400 watt lọ́kọ̀ọ̀kan. Mo gbà pé bí inverter bá ti tóbi, iná á pọ̀. Kò rí bẹ́ẹ̀ rárá. Inverter ló ń sọ iye ẹrù tẹ́ ẹ lè gbé kà á lórí lẹ́ẹ̀kan. Panel ló ń sọ iye iná tó ń wọlé lójúmọ́. Inverter mi yìí fúnra rẹ̀ ń jẹ nǹkan bí 50 watt tọ̀sán-tòru, bí a ò tilẹ̀ tan gílóòbù kan. Ẹ ṣírò ẹ̀ wò: 1.2 kilowatt-hour lójúmọ́, nígbà tí ohun tí panel mẹ́rin náà ń mú wá lọ́jọ́ tí oòrùn dára kò ju bíi 6 lọ.

Mo bá ra méjì kún un. Ibẹ̀ ni wàhálà ti dé. Inverter mi kò gbọdọ̀ gbà ju 145 volt lọ láti ara panel. Wọ́n kọ Voc 47.8 sẹ́yìn panel kọ̀ọ̀kan, ìyẹn volt tó ń wà lára rẹ̀ nígbà tí ohunkóhun kò fa iná láti ara rẹ̀. Mẹ́ta tá a so tẹ̀ léra wọn á jẹ́ 143.4. Mo ní ó ti wọlé. Mo so wọ́n ní mẹ́ta-mẹ́ta, wọ́n sì ṣiṣẹ́ dáadáa fún ọ̀sẹ̀ mélòó kan nínú ooru.

Láàárọ̀ ọjọ́ kan, òjò ti rọ̀ mọ́jú, òtútù mú, oòrùn wá là lójijì. Mo gbọ́ gbàù kan, òórùn jíjó gba inú ilé, ojú inverter sì ṣú. Nígbà tí oníṣẹ́ tú u, kapásítọ̀ ibi tí wáyà panel ti ń wọlé ti wú, orí rẹ̀ ti ya, gbogbo ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ dúdú bí ìdí ìkòkò. Ọkùnrin náà mú mi dé ẹ̀yìn panel, ó fi ìka tọ́ ka sí nọ́mbà kékeré kan tí n kò kà rí: -0.28%/°C.

Ìwọ̀n ooru 25°C ni wọ́n fi wọn 47.8 yẹn. Bí panel bá ṣe ń tutù sí i ni volt rẹ̀ ń gòkè, 0.28% fún °C kọ̀ọ̀kan; ohun tí nọ́mbà kékeré yẹn ń sọ nìyẹn. Ní 15°C, 143.4 mi ti di 147.4, àárọ̀ sì ni inverter kì í tíì fa nǹkan kan lára panel, tí volt náà ń dúró ní ṣóńṣó orí rẹ̀. Látìgbà náà, méjì-méjì ni mo ń so wọ́n: 95.6 volt. Ìwọ̀n òtútù tó burú jù ládùúgbò yín ni kẹ́ ẹ fi ṣírò, kì í ṣe ti ọ̀sán.

Watt ní tiẹ̀ kì í pani bẹ́ẹ̀. Bó bá pọ̀ jù, inverter á mu ìwọ̀n tí ọ̀fun rẹ̀ gbà, á fi ìyókù sílẹ̀ lórí òrùlé. Tèmi ń gba 4,000 watt lára panel. Méjìlá ni mo ní báyìí, 4,800 lórí ìwé. Ṣùgbọ́n panel tó ń yáná lọ́sàn-án gangan lè gbóná dé 65°C, 400 watt á sì di bíi 344. Gbogbo méjìlá á wá jẹ́ 4,128. Ohun tí mò ń pàdánù kò tó nǹkan. Àmọ́ ẹ má ṣàṣejù o: ìwé inverter tún máa ń kọ iye ampere tó lè wọlé, àwọn mìíràn sì máa ń fi òté lé àpapọ̀ watt panel. Ẹ ka méjèèjì kẹ́ ẹ tó sanwó.

Ọjọ́ tí ìkúùkù bolẹ̀ ni mo ń rí èrè rẹ̀. Níbi tí panel mẹ́fà ì bá ti mú 500 watt wá, méjìlá ń mú 1,000 wá, bátìrì sì ń kún kílẹ̀ tó ṣú.