Orí Mi Rèé, Àtẹ́rígbà Rèé

Kókó kan wà níwájú orí mi báyìí. Ẹ má fọwọ́ kàn án, ó ń dùn mí. Ilẹ̀kùn ààfin ló fún mi. Kì í sì í ṣe ààfin kan ṣoṣo o, gbogbo ààfin tó wà ní àfonífojì Kathmandu ló dáwó jọ rà á fún mi.

Bá a ṣe dé Nepal, ìtàn ọjọ́ mìíràn nìyẹn. Ẹ sáà mọ̀ pé èmi àti ẹ̀gbọ́n ìyàwó mi ni, ẹ sì mọ ẹ̀gbọ́n ìyàwó mi. Àyà mi ni orí wọn mọ. Èmi náà, ẹ mọ̀ mí: nígbà tí wọ́n ń pín gíga, mo tò lẹ́ẹ̀mejì, nígbà tí wọ́n ń pín làákàyè, mo ti lọ jẹun. Láti ọjọ́ tí mo ti fẹ́ àbúrò wọn ni wọ́n ti ń gbójú sókè kí wọ́n tó lè bá mi wí, ó sì ń dùn wọ́n. Wọn kì í sọ ọ́ jáde. Ṣùgbọ́n ẹ wo fọ́tò ìgbéyàwó wa dáadáa, orí àpótí ni wọ́n dúró sí.

Kathmandu, Patan àti Bhaktapur, ìlú ọba mẹ́ta ni wọ́n láyé àwọn ọba Malla. Àwọn ọba yìí ń figagbága: èyí kọ́ ààfin, tọ̀hún kọ́ tẹ́ńpìlì, títí ibẹ̀ fi kún fọ́fọ́. Ibi méje ni UNESCO, àjọ àgbáyé tó ń rí sí ẹ̀kọ́ àti àṣà, kó pọ̀ ní àfonífojì yẹn lọ́dún 1979 tó fi sínú ogún gbogbo ayé. Ẹ wá wo igi fínfín! Òrìṣà, ejò, ẹyẹ ọ̀kín, òdòdó, gbogbo rẹ̀ ni wọ́n fín sára ilẹ̀kùn. Ohun tẹ́nikẹ́ni ò sọ fún mi ni pé ibi tí iwájú orí mi ń gbà kọjá gan-an ni wọ́n fín in sí.

Ààfin Patan ni mo ti kọ́kọ́ jẹ ẹ́. Wọ́n ti sọ apá kan ibẹ̀ di músíọ́ọ̀mù. Mo wo òrìṣà onídẹ kan, mo ka ohun tí wọ́n kọ sábẹ́ rẹ̀, mo yí sí yàrá kejì, gbòà! Ẹ̀ṣọ́ tó ń tòògbé lórí àga dìde fùú, ó rò pé nǹkan wọn ló fọ́. Ẹ̀gbọ́n ti gba abẹ́ ilẹ̀kùn kan náà kọjá, fìlà wọn ò tiẹ̀ mì. Wọ́n yíjú padà, wọ́n ní, "Pẹ̀lẹ́ o, àna mi. Ààfin là ń wọ̀ yìí. Tẹríba."

Ọkùnrin tó ń mú wa kiri wá lọ bu epo síná. Ó ní òótọ́ lẹ̀gbọ́n sọ, wọ́n ní ọ̀kan nínú ìdí tí ilẹ̀kùn ibẹ̀ fi kúrú ni kí àlejò lè tẹríba kó tó wọlé. Kò yẹ kó sọ ọ́. Ẹ̀gbọ́n di onílé láti ìgbà náà. Kò sí ilẹ̀kùn tá a dé tí wọn ò ní kọ́kọ́ wọlé, kí wọ́n dúró sínú, kí wọ́n na ọwọ́ bí olóyè, kí wọ́n ní, "Tẹríba, àna mi." Èmi! Èmi tí mo dọ̀bálẹ̀ gbalaja fún ẹbí wọn lọ́jọ́ ìdána, tí àwọn gan-an ní kí n tún un ṣe nítorí pé ẹsẹ̀ mi ò nà tán!

Mo ń tẹríba o, ẹ má rò pé agídí ni. Wàhálà tèmi ni pé orí mi máa ń dé òdìkejì ilẹ̀kùn kí n tó dé ibẹ̀, mo sì máa ń tètè nà ró kí ó tó kọjá tán. Ògiri wọn nípọn. Bó o bá rò pé o ti jáde lábẹ́ igi, igi mìíràn ń dúró dè ọ́.

Pashupatinath, a ò pẹ́ níbẹ̀. Ẹni tí kì í ṣe Híńdù kì í wọ inú tẹ́ńpìlì gangan, ẹnu géètì lèèyàn ti ń yọjú, ìdí màlúù oníwúrà ràgàjì kan lèèyàn sì ń rí. Àwọn àlejò kan ń kùn. Èmi ń dúpẹ́, ilẹ̀kùn kan ti dín. Boudhanath ni mo fẹ́ràn jù láyé mi: òkìtì funfun gbàgìdì, ojú Búdà tí wọ́n kùn sókè rẹ̀ ń wo ìhà mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, gbogbo èrò ń yí i po níta, ọwọ́ ọ̀tún wọn ń kọjú sí i. Kò ní yàrá kankan téèyàn ń wọ̀. Mo yí i po títí ẹ̀gbọ́n fi bẹ̀ mí.

A wá dé ààfin Kathmandu. Lẹ́nu ọ̀nà ibẹ̀, Hanuman, òrìṣà tó dà bí ọ̀bọ, jókòó sábẹ́ agboòrùn pupa. Láti 1672 tí ọba Pratap Malla ti gbé e síbẹ̀ ni wọ́n ti ń fi nǹkan pupa kùn ún lójú, ojú náà ti bò pátápátá, imú ò hàn, ẹnu ò hàn. Bàbá àwòrò kan tó wà nítòsí wò mí, ó wo iwájú orí mi, àánú ṣe é. Ó fi ìka bọ ìyẹ̀fun pupa, ó ní òun fẹ́ súre fún mi. Orí kókó gan-an ló tẹ̀ ẹ́ mọ́. Kókó tó ti tó àgbálùmọ̀ nígbà yẹn! Omi dà lójú mi pòròpòrò. Bàbá rò pé òrìṣà ló ń gùn mí, ó bá bu sí i.

Báyìí ni mo ṣe gbé orí pupa lọ sílé Kumari.

Kumari ni ọmọdébìnrin tí wọ́n gbà pé òrìṣà Taleju ń gbé inú rẹ̀. Ìdílé Shakya láàárín ẹ̀yà Newar ni wọ́n ti ń yàn án ní kékeré. Tó bá ti bẹ̀rẹ̀ nǹkan oṣù, òrìṣà ti kúrò lára rẹ̀ nìyẹn, ọmọ á padà sílé. Ilé tó ń gbé, 1757 ni wọ́n kọ́ ọ. Àlejò á dúró nínú àgbàlá, á máa wo fèrèsé òkè, bóyá yóò yọjú. A ò gbọdọ̀ yà á ní fọ́tò. Wọ́n ní ojú tó bá fi wo ẹni tó wá tọrọ nǹkan lọ́dọ̀ rẹ̀ lèèyàn fi ń mọ̀: tó bá dákẹ́ tí ojú rẹ̀ ò yí padà, àdúrà gbà. Tó bá sunkún, tàbí tó bú sẹ́rìn-ín, àìsàn tàbí ikú ló ń bọ̀.

Ẹni tó ń mú wa kiri ti sọ gbogbo èyí fún wa níta. Mo gbọ́ ọ yékéyéké. Òun ni mo ń rò bí mo ṣe ń wọlé, tí n ò fi ro ti àtẹ́rígbà.

Gbòà!

"Yéè! Ìyá mi ò!" Gbogbo àgbàlá yíjú sí mi. Ìgbà yẹn gan-an lọmọ náà yọ lójú fèrèsé. Aṣọ pupa, tìróò tó gùn láti ojú dé ẹ̀bá etí. Ó wò mí. Mo dúró, ọwọ́ lórí, ìyẹ̀fun pupa ti bá òógùn ṣàn dé imú mi. Àwọn tó kù ń tọrọ ọmọ, wọ́n ń tọrọ ọlà. Èmi ń bẹ̀ ẹ́ nínú ọkàn mi pé ìyá mi kékeré, ẹ dákun, ẹ má rẹ́rìn-ín. Ẹ ronú nǹkan ìbànújẹ́. Mo lọ́mọ nílé. Mo jẹ gbèsè.

Kò rẹ́rìn-ín. Ojú rẹ̀ ò yí rárá. Ó wọlé padà, mo mí kanlẹ̀. Ẹ̀gbọ́n ìyàwó mi ló bú sẹ́rìn-ín. Wọ́n rín in títí wọ́n fi di òpó mú. Mo bi ẹni tó ń mú wa kiri bóyá tiwọn náà ní ìtumọ̀.

Ṣùgbọ́n Ọlọ́run kì í sùn. A lọ sí Bhaktapur.

Tẹ́ńpìlì kan wà níbẹ̀ tó ń jẹ́ Nyatapola, òrùlé márùn-ún tó gorí ara wọn, ọba Bhupatindra Malla ló kọ́ ọ ní 1702. Ìmìtìtì ilẹ̀ ti 1934 kò wó o. Ti 2015, tó sọ Kasthamandap, ilé àtijọ́ kan ní Kathmandu, di òkìtì kí wọ́n tó tún un kọ́, kò wó o. Àwọn àwòrò nìkan ló ń wọ inú rẹ̀, ẹ ti mọ bínú mi ṣe dùn tó. Àtẹ̀gùn òkúta ló gùn ún lọ sókè tààrà, ère méjì méjì ló sì ń ṣọ́ ọ. Nísàlẹ̀ ni ajìjàkadì méjì, Jayamel àti Phattu, tí wọ́n ní agbára wọn tó ti èèyàn mẹ́wàá. Erin tó wà lókè wọn jù wọ́n lọ nílọ̀ọ́po mẹ́wàá, kìnnìún ju erin bẹ́ẹ̀, ẹranko olórí ẹyẹ ju kìnnìún, abo òrìṣà méjì tó wà lókè pátápátá sì ju gbogbo wọn.

Ẹ̀gbọ́n ní àwọn máa gùn ún. Ṣòkòtò funfun báláú ni wọ́n wọ̀ lọ́jọ́ náà. Àtẹ̀gùn ọ̀hún dà gẹ̀rẹ́, ẹsẹ̀ wọn ò gùn, ṣùgbọ́n ìgbéraga ń tì wọ́n nídìí. Wọ́n dókè, wọ́n dúró láàárín àwọn òrìṣà, wọ́n nàka sí mi nísàlẹ̀: "Ta ló ga jù báyìí?"

Wọ́n wá wo ilẹ̀.

Ẹ̀yin ará, ẹsẹ̀ kọ̀. Ilé tí ilẹ̀ mì títí tí kò wó, ẹ̀gbọ́n dì mọ́ ọn, ẹ̀gbọ́n ń gbọ̀n. Mo ní kí n wá mú wọn lọ́wọ́, wọ́n ní kí n má dàgbà fún àwọn. Wọ́n rọra jókòó, wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í fìdí wọ́ bọ̀. Wọ́n kúrò lọ́dọ̀ òrìṣà, wọ́n já sọ́dọ̀ olórí ẹyẹ, agbára dín. Wọ́n já sọ́dọ̀ kìnnìún, ó tún dín. Ọ̀dọ̀ erin ni wọ́n ti ké pe ìyá wọn tó ti kú. Àwọn ọmọ ilé-ìwé tó jókòó síbẹ̀ ń pàtẹ́wọ́ fún wọn ní àtẹ̀gùn kọ̀ọ̀kan, ìyá arúgbó kan tó gbé agbọ̀n sì gba ẹ̀gbẹ́ wọn sọ̀ kalẹ̀ láìdi nǹkan kan mú. Nígbà tí wọ́n fi dé ọ̀dọ̀ Jayamel, mo ti ṣírò rẹ̀: agbára èèyàn kan ò pé lára wọn mọ́.

Eruku, ẹrẹ̀, ìyẹ̀fun pupa tí àwọn olùjọ́sìn ti dà sórí òkúta, gbogbo rẹ̀ ti wà nídìí ṣòkòtò funfun. Ẹ̀gbọ́n fọwọ́ kàn án, wọ́n wo ọwọ́ wọn. Ohùn wọn bá sọ̀ kalẹ̀. "Àna mi ọ̀wọ́n, jọ̀ọ́, ṣé o lè máa rìn lẹ́yìn mi?"

Mo ní kò sí wàhálà. Mo lẹ̀ mọ́ wọn lẹ́yìn bí a ṣe wo ààfin tó ní fèrèsé 55, mo lẹ̀ mọ́ wọn dé ẹnu ọ̀nà oníwúrà. A ra juju dhau, wàrà dídì wọn tó ń wà nínú ìkòkò amọ̀, ẹ̀gbọ́n fẹ̀yìn ti ògiri jẹ tiwọn lóòró.

Ibẹ̀ la wà tí ìyàwó mi fi pè. Ó ní ẹ̀gbọ́n òun ńkọ́, ṣé wọ́n ń gbádùn ara wọn? Ẹ̀gbọ́n ń ṣẹ́jú sí mi pẹ̀lú ṣíbí lẹ́nu. Mo ní kó fọkàn balẹ̀, pé nínú gbogbo Bhaktapur, kò síbi pàtàkì kan tí wọn ò tí ì jókòó sí.