Ẹ̀kọ́ tí mo kọ́ nípa ojúsàájú oníròyìn àti kíkọ òṣèlú fún ẹgbẹ́ Labour

Ẹgbẹ́ Labour ti Ìlú Ọba ni mò ń tì lẹ́yìn, nítorí ẹgbẹ́ òṣìṣẹ́ ni mo kà á sí. Ẹni tó bá ń kọ̀wé òṣèlú fún irú ẹgbẹ́ bẹ́ẹ̀ ní Ìlú Ọba kò ní pẹ́ rí i pé ọ̀pọ̀ nínú àwọn ìwé ìròyìn ńláńlá kò sí lẹ́yìn òun. Ẹ̀kọ́ tí mo kọ́ ni pé ariwo "wọ́n ń ṣojúsàájú" kì í yí ọkàn ẹnikẹ́ni padà. Ohun tó ń ṣiṣẹ́ ni kí ẹ mú gbólóhùn kan ṣoṣo, kí ẹ fi ibi tí wọ́n ti gé e hàn, kí ẹni tó kórìíra ẹgbẹ́ yín pàápàá lè yẹ̀ ẹ́ wò fúnra rẹ̀.

Ẹ kọ́kọ́ mọ òfin tó de ẹni tí ẹ fẹ́ bá wí, torí òfin ìwé ìròyìn yàtọ̀ sí ti tẹlifíṣọ̀n àti rédíò. Ìwé ìròyìn lómìnira láti gbè sẹ́yìn ẹni tó bá wù ú. The Sun ní kí àwọn èèyàn dìbò fún Conservative, ẹgbẹ́ tó ń bá Labour du ìjọba, ní 1979, ó yí sọ́dọ̀ Labour ní 1997, ó padà sọ́dọ̀ Conservative ní 2010, nígbà tí ìdìbò 2024 sì ku ọ̀la, ó tún ní Labour ni. Kò rú òfin kankan nínú gbogbo rẹ̀. Ìlànà àwọn olóòtú tí IPSO ń lò, ìyẹn àjọ tó ń gbọ́ ẹ̀sùn lórí ọ̀pọ̀ ìwé ìròyìn láti 2014, kò ní kí wọ́n má dá sí òṣèlú. Ohun tó béèrè lọ́wọ́ wọn ni kí wọ́n má gbé ohun tí kì í ṣe òótọ́ tàbí tó lè ṣi èèyàn lọ́nà jáde, kí òǹkàwé sì mọ èyí tó jẹ́ èrò, èyí tó jẹ́ àbá, àti èyí tó jẹ́ òótọ́. Bí ẹ bá kọ̀wé sí IPSO pé "ìwé yìí kórìíra Labour," ẹ ti fi àkókò ṣòfò. Ṣùgbọ́n bí ẹ bá kọ pé "ìpínrọ̀ kẹrin ní iye báyìí ni, àtẹ ìṣirò ìjọba tí wọ́n tọ́ka sí ní iye tọ̀hún ni," wọ́n á rí ohun tí wọ́n lè gbé yẹ̀ wò.

Ti tẹlifíṣọ̀n àti rédíò le ju bẹ́ẹ̀ lọ. Ofcom ló ń ṣàkóso wọn. Apá karùn-ún ìlànà Ofcom ní kí ìròyìn má ṣe ṣègbè, apá kẹfà sì wà fún àsìkò ìdìbò. Ẹ ṣọ́ra níbí: ìlànà yẹn kò ní kí ìṣẹ́jú tí wọ́n fún ẹgbẹ́ kọ̀ọ̀kan dọ́gba. Bí ẹ bá kàn ka ìṣẹ́jú, tí ẹ ní Labour gba mẹ́ta, Conservative gba márùn-ún, ẹ̀sùn yẹn kò ní lọ jìnnà.

Gbèdéke ọjọ́ ló sì ń pa ọ̀pọ̀ ẹ̀sùn rere. IPSO fún yín ní oṣù mẹ́rin láti ọjọ́ tí ọ̀rọ̀ náà jáde, ó lè tó oṣù 12 bí ó bá ṣì wà lórí íntánẹ́ẹ̀tì. Ofcom ń gba ẹ̀sùn láàárín ọjọ́ iṣẹ́ 20. Ti BBC jẹ́ ọjọ́ iṣẹ́ 30, BBC fúnra rẹ̀ ni ẹ sì gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ kọ̀wé sí. Ìdáhùn àkọ́kọ́ sábà máa ń jẹ́ lẹ́tà gbogbogbò tí kò kan ohun tí ẹ sọ. Ẹ má bínú, ẹ má sì jáwọ́. Ẹ tún un kọ, ẹ ní kí wọ́n dáhùn kókó yín gan-an. Bí ìdáhùn kejì kò bá tẹ́ yín lọ́rùn, ẹ gbé e lọ sí ẹ̀ka tó ń gbọ́ ẹ̀sùn gíga nínú BBC, lẹ́yìn náà ni Ofcom. Guardian àti Financial Times kò sí lábẹ́ IPSO rárá, ọ̀dọ̀ àwọn fúnra wọn ni ẹ̀sùn ń lọ.

Irọ́ pọ́ńbélé kọ́ ni ojúsàájú sábà máa ń jẹ́. Gígé àti lílẹ̀ ló pọ̀ jù. Ní oṣù kọkànlá 2015, lẹ́yìn ìkọlù àwọn apániláyà ní Paris, ìròyìn aago mẹ́fà BBC gbé ìdáhùn Jeremy Corbyn, olórí Labour nígbà náà, jáde. Ohun tí wọ́n bi í gan-an ni pé, tó bá jẹ́ òun ni olórí ìjọba, ṣé inú rẹ̀ á dùn láti pàṣẹ pé kí ọlọ́pàá tàbí ológun yìnbọn pa èèyàn ní ìgboro Britain. Ó ní òun kò fara mọ́ irú ìlànà bẹ́ẹ̀ lápapọ̀. Nígbà tí ìròyìn jáde, wọ́n gbé ìdáhùn yẹn kalẹ̀ bíi pé ohun tí wọ́n bi í ni bóyá kí agbófinró yìnbọn bí irú ìkọlù Paris bá ṣẹlẹ̀. Ní oṣù kìíní 2017, BBC Trust, ìgbìmọ̀ tó ń ṣọ́ BBC nígbà náà, dájọ́ pé ìròyìn náà rú ìlànà òdodo àti àìṣègbè BBC. Ó tún sọ pé òun kò rí ẹ̀rí pé wọ́n mọ̀ọ́mọ̀ ṣe é, àwọn ọ̀gá ẹ̀ka ìròyìn BBC náà kò sì fara mọ́ ìdájọ́ ọ̀hún.

Ẹ wo ohun tó gbé ẹ̀sùn yẹn dúró. Kò sẹ́ni tó ní láti mọ ohun tó wà lọ́kàn oníròyìn. Ìbéèrè tí wọ́n bi í wà níbẹ̀, ìbéèrè tí wọ́n ní àwọn bi í wà níbẹ̀, méjèèjì kò bára mu. Bẹ́ẹ̀ náà ni kí ẹ máa ṣe é: ẹ fa ìlà sí àárín ìwé, kí ẹ kọ gbogbo ìbéèrè àti ìdáhùn bí ó ṣe wáyé sí apá òsì, kí ẹ kọ ohun tó jáde sí apá ọ̀tún. Bí ọ̀rọ̀ bá ti ilé aṣòfin wá, inú Hansard, ìwé àkọsílẹ̀ ọ̀rọ̀ ilé aṣòfin, ni kí ẹ ti fà á yọ, ẹ má fà á yọ láti inú fídíò ìṣẹ́jú kan tí ẹnì kan fi ránṣẹ́. Agbẹjọ́ ẹnì kan dá, àgbà òṣìkà. Ẹ wá ohun tí oníròyìn sọ pé òun ní lọ́kàn, kí ẹ kọ ọ́ mọ́ ọn.

Ti iye owó tún wà lọ́tọ̀. Ní ọjọ́ 4 oṣù kẹfà 2024, níbi àríyànjiyàn lórí tẹlifíṣọ̀n, Rishi Sunak, olórí ìjọba Conservative nígbà náà, ní Labour máa fi £2,000 kún owó orí ìdílé kọ̀ọ̀kan. Ọ̀pọ̀ àkọlé ìròyìn gbé e bẹ́ẹ̀. Àpapọ̀ ọdún mẹ́rin ni iye yẹn. Bí ẹ bá pín in sí mẹ́rin, £500 lọ́dún ni, àwọn àbá tó sì gbé iye náà jáde kò ti ọ̀dọ̀ Labour wá. Ọ̀gá àgbà òṣìṣẹ́ ìjọba ní ilé iṣẹ́ ìṣúná ti kọ̀wé pé kí wọ́n má ṣe sọ pé òṣìṣẹ́ ìjọba ló ṣe àpapọ̀ ìṣirò náà. Ní ọjọ́ 6 oṣù kẹfà, àjọ tó ń ṣọ́ ìṣirò ìjọba ní ẹni tó bá gbọ́ £2,000 láìka gbogbo ìwé tí Conservative gbé iye náà sí kò ní mọ̀ pé ti ọdún mẹ́rin ni. Ohun tí mo máa ń béèrè níwájú iye èyíkéyìí ni: ọdún mélòó? ta ni wọ́n pín in fún? àbá ta ni? ṣé wọ́n ti yọ ọ̀wọ́ngógó kúrò?

Ti ọ̀wọ́ngógó yìí ló ń tan èèyàn jù. Bí owó ilé ìwòsàn bá kúrò ní £100 mílíọ̀nù, tó di £103 mílíọ̀nù, àkọlé máa ní "owó tó pọ̀ jù lọ nínú ìtàn." Bí gbogbo nǹkan bá ti fi ìdá 5 nínú ọgọ́rùn-ún wọ́n sí i lọ́dún yẹn, ohun tí owó tuntun náà lè rà kò ju ti £98 mílíọ̀nù àtijọ́ lọ. Wọ́n ti dín in kù nìyẹn, àkọlé kò sì purọ́.

Mo dúró gbọn-in lórí èyí: ìbéèrè kan náà ni kí ẹ bi ẹgbẹ́ yín. Nínú ìpolongo 2024 yẹn kan náà, Labour ní ètò Conservative máa fi £4,800 kún owó tí àwọn èèyàn ń san fún báǹkì lórí ilé. Àpapọ̀ ọdún márùn-ún ni, orí àbá Labour fúnra rẹ̀ ló sì dúró lé. Bí ẹ bá tú £2,000 palẹ̀, tí ẹ wá pa £4,800 mọ́ lẹ́nu, òǹkàwé tó bá rí i kò ní gba iṣẹ́ yín gbọ́ mọ́, ó sì tọ̀nà.

Ìwádìí èrò ará ìlú rọrùn: bí wọ́n bá bi 1,000 èèyàn, àlàfo àṣìṣe fẹ́rẹ̀ẹ́ tó ìdá mẹ́ta nínú ọgọ́rùn-ún sókè tàbí sísàlẹ̀. "Labour já wálẹ̀ ní ìdá méjì nínú ọgọ́rùn-ún" kì í ṣe ìròyìn, ìbáà jẹ́ ọ̀tá ló kọ ọ́, ìbáà jẹ́ ọ̀rẹ́.

Bí ẹ bá fẹ́ sọ pé ìwé kan ń ṣe é léraléra, àpẹẹrẹ mẹ́ta tó bí yín nínú kò tó. Ẹ yan ọjọ́ kí ẹ tó rí ìròyìn: ọ̀sẹ̀ méjì, ìwé mẹ́wàá, ojú ewé àkọ́kọ́ 140, ẹ kò gbọ́dọ̀ yọ ìkankan sílẹ̀. Kí èèyàn méjì kà á lọ́tọ̀ọ̀tọ̀, kí wọ́n fi "gbè é," "ta kò ó," tàbí "kò síbì kan" sí i, kí wọ́n tó fi ìwé wé ara wọn. Níbi tí wọn kò bá ti fohùn ṣọ̀kan, ẹ sọ ọ́ ní gbangba.

Ẹ má sì sọ pé ìwé ìròyìn ló gba ìjọba lọ́wọ́ wa, àfi bí ẹ bá lè fi hàn. Ní ọjọ́ 25 oṣù kẹwàá 1924, nígbà tí ìdìbò ku ọjọ́ mẹ́rin, ìwé ìròyìn Daily Mail gbé lẹ́tà Zinoviev jáde, lẹ́tà tí wọ́n ní aṣáájú kọ́múníìsì kan ní Rọ́ṣíà kọ sí àwọn kọ́múníìsì Britain, ayédèrú ni wọ́n sì kà á sí lónìí. Labour pàdánù. Ṣùgbọ́n ìbò Labour fi nǹkan bíi mílíọ̀nù kan pọ̀ ju ti 1923 lọ. Ẹgbẹ́ Liberal ló wó lulẹ̀. Lẹ́tà náà burú, kò sì gbọ́dọ̀ sọni di alásọdùn.

Kí ẹ tó kọ ohunkóhun, ẹ fi ojú ewé náà pamọ́ sí Wayback Machine, ìkànnì tó ń tọ́jú ẹ̀dà ojú ewé íntánẹ́ẹ̀tì, kí ẹ kọ aago sílẹ̀, torí àkọlé máa ń yí padà láàárín wákàtí díẹ̀, ti ìwé títẹ̀ sì lè yàtọ̀ sí ti íntánẹ́ẹ̀tì. Ẹ rántí pé oníròyìn tí orúkọ rẹ̀ wà níbẹ̀ kọ́ ló sábà ń kọ àkọlé. Ìròyìn ni kí ẹ bá jà, kì í ṣe ẹni tó kọ ọ́. Òfin 1988 lórí ẹ̀tọ́ ẹni tó ni iṣẹ́ (copyright) gbà yín láyè láti fa ọ̀rọ̀ yọ fún àríwísí bí ẹ bá dárúkọ ibi tó ti wá, ṣùgbọ́n fọ́tò ìròyìn léwu. Ẹ ṣàpèjúwe rẹ̀, kí ẹ fi líǹkì sí i.

Ẹnu àìmẹ́nu ló ń mú ọ̀ràn bá ẹ̀rẹ̀kẹ́. Lábẹ́ òfin ìbanilórúkọjẹ́ 2013, ẹni tó fẹ́ pe yín lẹ́jọ́ gbọ́dọ̀ fi hàn pé ọ̀rọ̀ náà ṣe òun ní jàǹbá ńlá, ọdún kan ló sì ní láti pe ẹjọ́. Òótọ́ lè gbà yín, èrò tí ẹ ní tọkàntọkàn náà lè gbà yín, bí òǹkàwé bá rí ohun tí ẹ gbé èrò náà lé. Títún irọ́ ẹlòmíràn pín kò gba ẹnikẹ́ni. Àsìkò ìdìbò tún le: òfin 1983 sọ ọ́ di ẹ̀ṣẹ̀ láti pa irọ́ mọ́ ìwà olùdíje, àfi bí ẹni náà bá ní ìdí tó gúnmọ́ láti gbà pé òótọ́ ni. Bí ẹ bá sanwó kí ìpolongo yín lè tàn ká, orúkọ àti àdírẹ́sì yín gbọ́dọ̀ hàn lórí rẹ̀ láti oṣù kọkànlá 2023. Ní ọjọ́ ìdìbò gan-an, títí aago mẹ́wàá alẹ́ yóò fi lù, ẹ má gbé iye ẹni tó ní òun ti dìbò fún Labour tàbí fún ẹlòmíràn jáde, ìbáà tiẹ̀ jẹ́ ẹnu ibùdó ìdìbò ni ẹ ti kà wọ́n.