Táàbù tó ń yí lọ́wọ́ mi

Oṣù méjì gbáko ni mo fi bá ọrun mi jà. Ọfà kan á lọ sósì, èkejì á lọ sọ́tùn-ún, ẹ̀kẹta á bọ́ sáàárín gbùngbùn bí ẹni pé ó fẹ́ fi mí ṣe yẹ̀yẹ́. Mo tún sáìtì (ohun tí a fi ń wo ojú ibi tí ọfà máa bà) tò, mo pààrọ̀ ọsán, ìyẹn okùn ọrun, mo di ẹ̀bi ru atẹ́gùn Abẹ́òkúta. Àṣé táàbù, awọ kékeré tó wà níka mi tí mo fi ń fa ọsán, ló ń dáràn.

Ẹ̀yin àbúrò mi, ilà ló tú àṣírí rẹ̀. Lọ́jọ́ kan tí oòrùn mú, mo bọ́ táàbù láti nu òógùn, mo wá rí i pé ilà méjì ni ọsán ti fà sójú awọ náà: ọ̀kan jìn, èkejì tẹ́ẹ́rẹ́, ó fì sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. Táàbù tó bá dúró sójú kan, ilà kan ṣoṣo ló máa ń ní. Ẹ lọ yẹ tiyín wò.

Ìka mẹ́ta la fi ń fa ọsán. Ìfábẹ̀lá (ìyẹn tó ń ṣiṣẹ́ nídìí ọbẹ̀) wà lókè ọfà, ìka àárín àtèyí tó tẹ̀ lé e wà nísàlẹ̀. Ìka àárín nìkan ló sì máa ń wọ okùn táàbù. Bí okùn yẹn bá dẹ̀, awọ á máa yí, ọwọ́ á sì máa fún ara rẹ̀ pọ̀ láìjẹ́ pé ẹ rán an níṣẹ́, kí awọ má baà bọ́. Ọwọ́ tó ti le báyìí kì í jẹ́ kí ọsán lọ wẹ́rẹ́. Ṣe ló máa ń gbá a sẹ́gbẹ̀ẹ́. Ègé kékeré tó ya ìka méjì sọ́tọ̀ lára táàbù náà á tún máa fún ìdí ọfà, ọfà á sì já bọ́ kí ẹ tó fà á tán. Títa mítà 70 kò gba irú ẹ̀.

Rọ́bà ni okùn táàbù mi àkọ́kọ́. Òógùn àti oòrùn bà á jẹ́. Mo ra rọ́bà ìbàdí ṣòkòtò lọ́wọ́ ìyá kan tó ń ta bọ́tìnnì ní Kútọ̀, kò ju ọ̀sẹ̀ kan lọ tóun náà fi dẹ̀. Aránbàtà kan ní Láfẹ́nwá bá mi gé awọ tuntun, ó ní ṣé bàtà ọmọlangidi ni mo fẹ́ rán ni. Awọ bàtà yẹn le débi pé n kò mọ ibi tí ọsán wà lọ́wọ́ mi mọ́. Mo jù ú nù.

Okùn ọ̀rá tẹ́ẹ́rẹ́ ló gbà mí. Ẹ ki í bọ ihò tó wà lára irin táàbù, kí ẹ ta á ní kókó lẹ́yìn, kí ẹ fi ìṣáná jó ẹnu rẹ̀ kó má tú. Ẹ má wọ̀n ọ́n nígbà tí ọwọ́ ṣì tutù. Ẹ ta ọfà bíi mélòó kan ná, torí ìka máa ń wú. Nígbà ọyẹ́ ẹ̀wẹ̀, ìka á sún kì, ẹ óò ní láti fún un sí i. Bí ẹ bá gbọn ọwọ́ nù tí táàbù kò yí, ó tó. Bí orí ìka bá ń kú tiiri, ó ti pọ̀ jù.

Ẹ máa nu ọwọ́ gbẹ, kí ẹ fi pọ́ńdà díẹ̀ sójú awọ. Kí ẹ sì ní táàbù kejì tí ẹ ti ń lò tẹ́lẹ̀. Èyí tó ṣẹ̀ṣẹ̀ dé láti ọjà kì í ta síbi tí ti àtijọ́ ń ta sí.

Ẹni tó bá ń bọ̀ wá ta ọfà ní Sátidé, kó mú tiẹ̀ dání. Okùn, sísọ́ọ̀sì àti ìṣáná wà nínú báàgì mi.