Àtúnṣe tó dé láìsí ẹnìkejì rẹ̀

Ọjọ́ 9 oṣù Kejìlá 2023 ni ẹ̀rù àtúnṣe àgbépadà (àtúnṣe tí a mú láti ẹ̀yà tuntun padà sí ẹ̀yà àtijọ́) bà mí tinútinú. Debian, ètò ìṣiṣẹ́ kọ̀ǹpútà tó dá lórí Linux, dá ìtẹ̀jáde 12.3 dúró lójijì, torí pé kernel (ọkàn ètò náà) 6.1.64 tó wà nínú rẹ̀ lè ba dátà jẹ́ lórí ext4, ọ̀nà kan tí Linux ń gbà to fáìlì sórí dísíkì. Server méjì ni mò ń tọ́jú nígbà náà, ext4 sì ni méjèèjì. Mi ò fojú ba oorun.

Àtúnṣe àgbépadà tó fa wàhálà yìí fúnra rẹ̀ dára. Inú kernel tuntun ni wọ́n ti mú un wá, ṣùgbọ́n àyípadà mìíràn tó gbára lé, tó ti wà nínú 6.5, kò bá a dé 6.1. Síbẹ̀ ó wọlé wẹ́rẹ́. Ìlà kódù ni Git, irinṣẹ́ tó ń tọ́jú àyípadà kódù, ń wò, kì í wo ohun tí kódù náà gbọ́kàn lé.

Lọ́jọ́ kejì, 12.4 jáde pẹ̀lú 6.1.66.

Ní tèmi, kí n tó cherry-pick ohunkóhun (mú àyípadà kan ṣoṣo láti ẹ̀ka kan sí òmíràn) báyìí, mo máa ń ka git log, àkọsílẹ̀ àyípadà, fáìlì tó kàn láti ẹ̀yà àtijọ́ dé tuntun. Orí ẹ̀yà àtijọ́ gan-an ni mo sì ti ń dán an wò. Bí kì í bá ṣe ọ̀rọ̀ ààbò, tí mi ò sì lóye rẹ̀ tán, mo máa ń fi í sílẹ̀.