Àpò ìdọ̀họ lọ́dún tó ń lọ yìí: èyí tó dúró, èyí tó tú

Ọdún ń kógbá sílé. Ọ̀ṣọ́ Àjíǹde, ti Iléyá, ti ìkórè, àti ti Kérésìmesì tó ṣì wà lára ilẹ̀kùn báyìí, àpò ìdọ̀họ la fi ṣe gbogbo wọn, àpò kòkó tí wọ́n ti da kòkó inú rẹ̀. Àpò 24 la tú láti ìbẹ̀rẹ̀ ọdún. Mẹ́jọ nínú wọn ló di àkísà mọ́ wa lọ́wọ́, kò sì sí ìkankan nínú mẹ́jọ yẹn tó bàjẹ́ níbi tí a ti ń ṣe é lọ́ṣọ̀ọ́. Níbi fífọ̀, níbi sísá àti níbi gígé ni wọ́n ti bàjẹ́. Nítorí náà, ibẹ̀ la máa pẹ́ sí jù nínú àyẹ̀wò yìí.

Rírà ló ṣáájú. Ẹ fi imú gbọ́ àpò kí ẹ tó sanwó. Àwọn tó ń hun ún máa ń fi òróró rọ òwú rẹ̀ kó tó ṣeé ran. Tó bá jẹ́ òróró tó wá láti ara epo rọ̀bì ni, àpò náà á máa rùn bí kẹrosíìnì, kò sì sí ọṣẹ tó ń gbé òórùn yẹn kúrò tán. Kòkó máa ń fa òórùn mọ́ra, ìdí nìyẹn tó fi jẹ́ pé òróró ara irúgbìn ni wọ́n fi ń rọ òwú àpò tí wọ́n hun fún kòkó. Èyí ló jẹ́ kó dára fún inú ilé. Ẹ gbé àpò sókè kí ìmọ́lẹ̀ gba inú rẹ̀ kọjá, ẹ ó rí ibi tí eku ti jẹ. Ẹ fa òwú kan níbi ẹnu rẹ̀. Tó bá já pẹ́ẹ́, àpò náà ti jẹrà, kò sí owó tó kéré tó láti fi rà á. Àpò tó ti gbé ajílẹ̀ tàbí oògùn kòkòrò rí, ẹ má mú un wálé rárá.

Òwú yìí, ara igi ewédú ni wọ́n ti ń bó o. Ewédú tí à ń fi ìjábẹ̀ já yẹn gan-an, Corchorus olitorius, òun àti ìbátan rẹ̀ Corchorus capsularis, ni wọ́n ń gbìn ní Bangladesh àti Íńdíà nítorí okùn ara wọn. Wọ́n á gbìn ín kó fún pọ̀ kó má baà yọ ẹ̀ka, á ga tó mítà 3 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ, wọ́n á gé e ní nǹkan bí oṣù mẹ́rin, wọ́n á rì í sómi fún ọ̀sẹ̀ méjì sí mẹ́ta kí ara igi náà lè rọ̀, wọ́n á wá fa okùn rẹ̀ yọ. Ẹni tó bá fẹ́ fojú ara rẹ̀ rí i, kó bó èèpo igi ewédú tó ti gbó: okùn tẹ́ẹ́rẹ́ tẹ́ẹ́rẹ́ tó ń dán ni yóò tẹ̀lé e lọ́wọ́. Bí omi ṣe tú u sílẹ̀ lára igi náà ni omi ṣe lè bà á jẹ́ tó bá ti di aṣọ. Ó máa ń mu omi púpọ̀, á wú, á sún kì, á sì pẹ́ kó tó gbẹ.

Ẹ tú àpò kí ẹ tó fọ̀ ọ́. Ẹ̀gbẹ́ méjèèjì ni wọ́n ti rán an. Ẹ wá kókó okùn rẹ̀ níbi ẹnu, ẹ gé e, ẹ wá máa fa okùn náà díẹ̀díẹ̀. Ẹ ká okùn yẹn pamọ́, kò sí èyí tó bá ìdọ̀họ mu tó o nígbà tí ẹ bá fẹ́ rán nǹkan. Àpò tó jẹ́ íǹṣì 28 ní ìbú àti 40 ní gíga á di aṣọ gbọọrọ kan, 28 sí 80.

Ẹ gbọn ọ́n níta, kí ẹ fi aṣọ bo imú, pàápàá ẹni tó bá ní ikọ́ fée. Ẹ rẹ ẹ́ mọ́jú nínú omi tútù, ọṣẹ ìyẹ̀fun ṣíbí ìjẹun 1 sí korobá omi kan. Ẹ ṣàn án lẹ́ẹ̀mẹta. Ẹ má fún un o! Àpò tí a bá fún, òwú rẹ̀ á wọ́ kúrò lójú ọ̀nà, kò sì ní í tọ́ mọ́ láéláé. Ẹ lè lọ̀ ọ́ títí, yóò máa dà sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan ni. Méjì nínú mẹ́jọ tó bàjẹ́, fífún ló pa wọ́n. Ẹ má gbé e sínú ẹ̀rọ ìfọṣọ náà, irun tó ń já lára rẹ̀ á dí ibi tí omi ń gbà jáde. Ní ti bílíìṣì, ó máa ń mú kó funfun lóòótọ́, ṣùgbọ́n òwú á di ẹlẹgẹ́, oòrùn á sì tún sọ ọ́ di aláwọ̀ ewé gbígbẹ láàárín oṣù díẹ̀.

Sísá ni ìyà ti jẹ wá jù lọ́dún yìí. Nígbà òjò, ìdọ̀họ tútù tí a ká sórí okùn ní ìṣẹ́po méjì lè lo ọjọ́ mẹ́ta láìgbẹ, ibi tí ó ti kan ara rẹ̀ á sì bu, á yọ àmì dúdú tótòtó tí kò ní í lọ mọ́. Mẹ́ta ló bá a lọ. Ohun tó tọ́ ni kí ẹ ta okùn méjì sí ara wọn ní nǹkan bí íǹṣì 20, kí ẹ tẹ́ aṣọ náà lé méjèèjì bí ẹni tẹ́ ẹní, kí afẹ́fẹ́ lè gba abẹ́ rẹ̀. Ẹ sá a síbi òjìji tí atẹ́gùn wà. Nígbà tó bá kù díẹ̀ kó gbẹ, ẹ fi áyọ́ọ̀nù gbígbóná lọ̀ ọ́ lójú òdì. Tó bá gbẹ tán, 28 sí 80 yẹn á ti sún kì di nǹkan bí 26 sí 76, torí náà òṣùwọ̀n tí a máa fún yín nísàlẹ̀, ti àpò tí a ti fọ̀ ni.

Gígé wá kù. Ẹ má fi ìlà ṣọ́ọ̀kì gé ìdọ̀họ, yóò wọ́ mọ́ yín lọ́wọ́. Ẹ wọn ìbú tí ẹ fẹ́ sí etí aṣọ, ẹ fi abẹ́rẹ́ họ òwú kan ṣoṣo jáde níbẹ̀, ẹ máa fà á bí ẹ ṣe ń fi ọwọ́ kejì ti aṣọ sẹ́yìn. Aṣọ á kọ́kọ́ kákò, lẹ́yìn náà á nà, òwú á jáde tán, ojú ọ̀nà tẹ́ẹ́rẹ́ kan á sì ṣẹ́ kù láti etí dé etí. Inú ọ̀nà yẹn ni kí sísọ́ọ̀sì gbà. Tí òwú bá já láàárín, ẹ gé dé ibi tó já, ẹ tún họ òwú kan náà jáde, ẹ máa lọ. Ọ̀nà yìí ń gba àkókò, a gbà, ṣùgbọ́n aṣọ tí a gé láìfa òwú, etí rẹ̀ ń tú lọ láìdúró, torí pé gígé náà ti dá òwú púpọ̀ sí méjì ní gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́. Mẹ́ta tó kù nínú mẹ́jọ yẹn, ìkánjú ibí yìí ni.

Etí tí ẹ kò bá fẹ́ kó tú, ẹ po gọ́ọ̀mù funfun tí káfíńtà ń lò mọ́ omi ní ìwọ̀n kan sí kan, ẹ fi búrọ́ọ̀ṣì kùn ún ní ìlàjì íǹṣì sí ẹ̀gbẹ́ ọ̀nà náà, ẹ jẹ́ kó gbẹ kí ẹ tó gé. Ibi tí ẹ bá fẹ́ kí irun rẹ̀ jáde bí ìgbátí ẹní, ẹ má kan gọ́ọ̀mù síbẹ̀.

Nínú àwọn ọ̀ṣọ́ fúnra wọn, òrùka ilẹ̀kùn ni a fẹ́ràn jù. Wáyà hángà méjì, ẹ tọ́ wọn, ẹ lọ́ wọn pọ̀ di òrùka kan tó fẹ̀ ní íǹṣì 14 láti etí kan sí ìkejì. Yíká rẹ̀ á tó 44. Ẹ gé àpò kan sí ìgbànú márùn-ún, ìkọ̀ọ̀kan íǹṣì 5 ní ìbú, 76 ní gígùn. Mẹ́rin á lọ sí òrùka, ìkarùn-ún á di bóò, ìyẹn ìdè ọ̀ṣọ́ tó rí bíi labalábá. Ẹ máa ti ẹnu wáyà bọ àárín ìgbànú náà, bọ́ sókè, bọ́ sísàlẹ̀, ní íǹṣì kan kan, bí ẹni ń rán jọ̀bọ̀, kí ẹ sì máa sún un wọlé kó ká jọ. Tí ìgbànú kan bá tán, ẹ gbé etí tuntun lé ti àkọ́kọ́ ní íǹṣì 1, ẹ fi wáyà gún méjèèjì pọ̀. Bí ó bá ká jọ dáadáa, ẹ kò gbọ́dọ̀ rí wáyà rárá. Àbùkù tó wọ́pọ̀ ni pé lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ kan tí ẹ ti gbé e kọ́, gbogbo aṣọ á ti wọ́ lọ sísàlẹ̀, òkè á wá pá. Ẹ fi okùn àpò so ó mọ́ wáyà ní íǹṣì mẹ́fà mẹ́fà, ojú méje yíká, kò ní í lọ síbì kankan.

Gọ́ọ̀mù gbígbóná tí wọ́n ń fi ìbọn yọ́, a ti fẹ́rẹ̀ẹ́ pa á tì. Ó ń gba ojú ìdọ̀họ kọjá, ó ń jó ìka, oòrùn ọ̀sán lára ilẹ̀kùn onírin sì ń yọ́ ọ padà. Abẹ́rẹ́ ńlá tí wọ́n fi ń rán àpò àti okùn tí ẹ tú lára rẹ̀ sàn jù.

Bóò: nínú ìgbànú karùn-ún, ẹ gé 26, 22 àti 24. Ẹ so etí 26 pọ̀ di òbìrí, ẹ ṣe 22 bákan náà, ẹ gbé kékeré lé ńlá, 24 á wà nísàlẹ̀ bí ìrù. Ẹ ká àárín gbogbo wọn jọ ní ìṣẹ́po márùn-ún, ẹ dì í pinpin, ẹ wá fi àjákù tó kù bo ojú ìdè náà. Bóò tí a kò fi sítáàṣì sí máa ń rọ̀ bí ewé tí oòrùn pa. Sítáàṣì ẹ̀gẹ́ ṣíbí ìjẹun 2 nínú omi tútù ìlàjì ife, ẹ dà á sínú omi híhó ife 3, ẹ rò ó títí funfun rẹ̀ á fi lọ. Ẹ rì ìgbànú náà sínú rẹ̀ kí ẹ tó dì í, ẹ fi ọwọ́ tẹ omi rẹ̀ jáde, ẹ dì í nígbà tó bá kù díẹ̀ kó gbẹ, ẹ sì ki bébà sínú ihò rẹ̀ di ọjọ́ kejì. Aáyán fẹ́ràn sítáàṣì yìí. Álọ́ọ̀mù ìlàjì ṣíbí kékeré nínú rẹ̀ kì í jẹ́ kó tètè kan. Àwọn aládìrẹ ẹlẹ́kọ náà ń fi í sí ẹ̀kọ wọn.

Àsíá kéékèèké tí a kọ Ẹ KÚ ỌDÚN sí yẹ kí a sọ̀rọ̀ lé lórí dáadáa. Lẹ́tà méje ni, àsíá òfìfo méjì láàárín ọ̀rọ̀, gbogbo rẹ̀ jẹ́ 9. Ìkọ̀ọ̀kan íǹṣì 6 ní ìbú àti 9 ní gíga, íǹṣì 1 lókè fún okùn. Okùn ọ̀pá méjì ààbọ̀ ló tó o. Àpò kan ń mú 32 jáde, ìyẹn ọ̀wọ́ mẹ́ta àti ẹ̀ṣẹ́kù márùn-ún. Ìṣòro ibẹ̀ ni àmì. Àlàfo wà láàárín òwú ìdọ̀họ, àmì ìsàlẹ̀ tí ẹ bá kọ ní kékeré á bọ́ sínú àlàfo yẹn, Ọ á di O lójú ẹni tó dúró lọ́nà jíjìn. Kí lẹ́tà ga ní íǹṣì 4, kí àmì ìsàlẹ̀ fẹ̀ tó ìdá mẹ́ta íǹṣì, kó sì jìnnà sí lẹ́tà ní ìlàjì íǹṣì, kí àmì ohùn orí Ú nípọn tó lẹ́tà fúnra rẹ̀. Ẹ gé lẹ́tà sára páálí, ẹ tẹ́ nọ́ọ̀lọ̀n sábẹ́ aṣọ, torí ọ̀dà ń gba inú rẹ̀ kọjá. Ẹ fi fóòmù tó fẹ́rẹ̀ẹ́ gbẹ máa gbá ọ̀dà náà wọlé tààrà láti òkè. Ẹni tó bá fi búrọ́ọ̀ṣì wọ́ ọ, ọ̀dà á sá lọ sábẹ́ páálí, lẹ́tà á di àbàwọ́n. A kò fara mọ́ kíkọ ODUN láìsí àmì nítorí pé ó yá. Tí a bá lè lo ọjọ́ mẹ́ta láti sá àpò, a lè lo ìṣẹ́jú márùn-ún láti gé àmì.

Fún tábìlì ìkórè, wíwé agolo àti ìkòkò tó. Ẹ wọn yíká rẹ̀, ẹ fi ìlàjì íǹṣì kún un, ẹ rán an. Kí òdòdó inú rẹ̀ má fi omi kan aṣọ, ìdọ̀họ á fa omi gòkè bí òwú àtùpà.

Àwọn àgbàlagbà kan kò fẹ́ rí ìdọ̀họ nínú ilé lọ́jọ́ ayọ̀, torí aṣọ ọ̀fọ̀ inú Bíbélì, aṣọ àpò ni. A kì í bá wọn jiyàn. Àjákù àdìrẹ tàbí aṣọ òkè tó fẹ̀ ní íǹṣì méjì, tí a bá tò ó sí àárín bóò tàbí sí etí ìbòrí tábìlì, ó máa ń yí ojú rẹ̀ padà pátápátá.

Iná ni ẹ má fi ṣeré rárá. Irun ara ìdọ̀họ ń gbé iná kí ẹ tó pajú pẹ́, ti ìgbà ọyẹ́ tilẹ̀ burú jù. Kò sí àbẹ́là nítòsí rẹ̀, kò sí gílóòbù tó ń gbóná. Gílóòbù LED wẹ́wẹ́ kò léwu, tí wáyà rẹ̀ kò bá bó.

Tí ẹ bá fẹ́ kó o pamọ́ ní oṣù Ṣẹ́rẹ́, ẹ ká a yí bébà, ẹ má ṣẹ́ ẹ po, ibi tí a ṣẹ́ po ni òwú ti kọ́kọ́ ń já. Inú páálí ló yẹ ẹ́, kì í ṣe nọ́ọ̀lọ̀n, torí nọ́ọ̀lọ̀n ń sé ooru àti omi mọ́ ọn. Káńfọ̀ méjì ní igun páálí tó.

Ohun tí a yí padà fún ọdún tó ń bọ̀ kò ju ọ̀kan lọ. A kò tún ní í fọ àpò nígbà òjò mọ́. Gbogbo èyí tí a máa lò títí di ìkórè, ọyẹ́ yìí la máa fọ̀ ọ́, nígbà tí aṣọ tí a sá láàárọ̀ lè gbẹ kí ilẹ̀ tó ṣú. Mẹ́fà ti wà lórí okùn báyìí, a tẹ́ ẹ gbalasa, kò sí ìṣẹ́po kankan nínú rẹ̀.