Ẹ̀kọ́ tí mo kọ́ lẹ́nu iṣẹ́ ẹ̀ṣọ́ ọmọ: géètì, ìwé kékeré, àti ìbínú

Ẹ̀yin tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ gbà láti máa ṣọ́ ọmọ lọ sílé ìwé, ẹ má rò pé ojú ọ̀nà ni iṣẹ́ náà wà. Ọ̀nà ṣeé yí padà. Géètì ilé àti géètì ilé ìwé kò ṣeé yí padà, ajínigbé sì mọ̀ bẹ́ẹ̀. Ní oṣù Kejì ọdún 2016, inú ọgbà ilé ìwé ní Ìkòròdú ni wọ́n ti kó ọmọbìnrin 3. Ní oṣù Karùn-ún ọdún 2017, ilé ìwé tí àwọn ọmọ ń gbé ní Ìgbóńlá, lọ́nà Ẹ̀pẹ́, ni wọ́n ti kó ọmọkùnrin 6, ọjọ́ 64 ni wọ́n sì lò kí wọ́n tó rí ìdáǹdè. Ní oṣù Kìíní ọdún 2024, bọ́ọ̀sì ilé ìwé ni wọ́n dá lọ́nà ní Èkìtì; àwọn ọmọ padà délé, wọ́n pa awakọ̀. Ibi tí gbogbo ayé mọ̀ pé ọmọ yóò wà ni wọ́n lọ ní ẹ̀ẹ̀mẹ́tẹ̀ẹ̀ta.

Nítorí náà, ibi tí ọkọ̀ ti ń dúró ni kí ẹ kọ́kọ́ tún ṣe. Ẹ má jẹ́ kí dẹ́rẹ́bà dúró síwájú géètì ilé kó máa fun fèrè. Ẹ pe mẹ́gáàdì nígbà tó bá ku bí ìṣẹ́jú méjì, kó yẹ ìta wò, kó sì ti ṣílẹ̀kùn sílẹ̀. Bí ẹ bá dé tí géètì ṣì wà ní títì, ẹ kọjá lọ, ẹ yí àdúgbò ká lẹ́ẹ̀kan kí ẹ tó padà. Màdámú lè sọ pé ẹ ń fi epo ṣòfò. Ẹ jẹ́ kí wọ́n sọ ọ́. Bí ọkọ̀ bá ti wọlé, kí géètì padé kí ẹnikẹ́ni tó bọ́ sílẹ̀.

Ọwọ́ ọ̀tún ni a ń gbà wakọ̀ ní Nàìjíríà, torí náà ẹ̀yìn lápá ọ̀tún ni kí ọmọ jókòó, kó lè bọ́ sí etí títì, kó má bọ́ sáàárín ọkọ̀. Ẹ̀ṣọ́ wà níwájú lẹ́gbẹ̀ẹ́ dẹ́rẹ́bà. Òun ló ń kọ́kọ́ sọ̀ kalẹ̀: yóò ti ilẹ̀kùn tirẹ̀, yóò wo ẹ̀yìn, yóò wo òdìkejì títì, ìgbà náà ni yóò tó ṣílẹ̀kùn fún ọmọ. Dẹ́rẹ́bà kò gbọdọ̀ kúrò nídìí ọkọ̀. Ẹ́ńjìnnì ń ṣiṣẹ́, ẹsẹ̀ wà lórí bírékì. Àṣìṣe tó wọ́pọ̀ jù ni báàgì. Dẹ́rẹ́bà á fẹ́ ṣe ọmọlúàbí, á sáré lọ gbé báàgì àti fúláàsì oúnjẹ nínú bùútù, ọkọ̀ á sì wà láìsí ẹni tó lè gbé e sá. Kí ẹrù ọmọ máa wà lẹ́sẹ̀ ọmọ. Nígbà tí ẹ bá ń padà bọ̀, ọmọ ló ń wọlé kí báàgì tó wọlé, ẹ sì ti gbogbo ilẹ̀kùn kí ẹ tó béèrè pé kí ni tíṣà kọ́ ọ lónìí.

Nínú sún-kẹrẹ-fà-kẹrẹ, ẹ fi àlàfo sílẹ̀ débi pé dẹ́rẹ́bà ń rí ibi tí táyà ẹ̀yìn ọkọ̀ iwájú ti kan ilẹ̀. Bó bá sún mọ́ ọn ju bẹ́ẹ̀ lọ, kò ní lè yà jáde àfi tó bá kọ́kọ́ fẹ̀yìn rìn, ọkọ̀ mìíràn sì ti lẹ̀ mọ́ ọn lẹ́yìn. Dánfó yóò máa já sínú àlàfo yẹn l'Ékòó. Ẹ tún òmíràn fi sílẹ̀, ẹ má bá a jà.

Ẹ ní ìwé kékeré kan nínú àpò: aago, ibi, nọ́ńbà ọkọ̀. Ọ̀kadà elérò méjì tí ẹ rí lẹ́ẹ̀kan kì í ṣe nǹkan kan. Bí ẹ bá rí i ní ilé ìwé, tí ẹ tún rí i ní ìkóríta ilé lọ́jọ́ kẹta, ó ti di ọ̀rọ̀. Ẹ sọ fún ọ̀gá lálẹ́ ọjọ́ náà, ẹ yí aago ìjáde padà, ẹ kó nọ́ńbà náà fún ọlọ́pàá. Ẹ má lọ bi wọ́n pé kí ni wọ́n ń wá.

Bí ikú ilé ò bá pani, tòde ò lè pani. Dẹ́rẹ́bà tí wọ́n jẹ lówó oṣù mẹ́ta léwu ju géètì tí kò ní kọ́kọ́rọ́ lọ. Mo máa ń sọ èyí fún àwọn ọ̀gá, wọn kì í fẹ́ gbọ́. Ẹ má sọ ìrìn ọ̀la fún ẹnikẹ́ni títí di òwúrọ̀. Kí ilé ìwé ní orúkọ ènìyàn mẹ́ta péré tó lè wá mú ọmọ, pẹ̀lú ọ̀rọ̀ àṣírí kan tí ẹ ń yí padà bí ẹ bá ti lò ó lẹ́ẹ̀kan. Ẹni tó bá pè pé “dádì ló ní kí n wá” láìmọ ọ̀rọ̀ náà, kí tíṣà pe ìyá ọmọ. Ọmọ fúnra rẹ̀ gbọ́dọ̀ mọ nọ́ńbà fóònù kan lórí. Ẹ kọ́ ọ pé kó máa pariwo “Mi ò mọ̀ wọ́n o!”, nítorí bó bá sunkún lásán, ará àdúgbò á rò pé bàbá rẹ̀ ló ń bá a wí.

Ọ̀rọ̀ ìbọn nìyí. Ẹ̀ṣọ́ ilé-iṣẹ́ aládàáni kò láṣẹ láti gbé ìbọn. Òfin ọdún 1986 ló dè é. Kódà bí mọ́pó, ọlọ́pàá tó ń gbébọn, bá wà pẹ̀lú yín, iṣẹ́ yín ni kí ẹ bo ọmọ, kí ẹ sì kúrò níbẹ̀. Ẹni tó dúró yìnbọn ti fi ọmọ sáàárín ọta méjì.

Bí wọ́n bá wá gbé ọmọ lọ lójú yín, ẹ pe 112, ẹ pe ilé, ẹ má fọwọ́ kan ọkọ̀ tàbí ohun tó já bọ́. Kẹ́ ẹ tó sùn, kẹ́ ẹ tó bá ẹnikẹ́ni jíròrò, ẹ kọ ọ́ sílẹ̀: iye wọn, èdè tí wọ́n sọ, bàtà ẹsẹ̀ wọn, ibi tí wọ́n kọrí sí. Wọ́n máa ń bọ́ aṣọ lójú ọ̀nà. Bàtà ṣòro láti pààrọ̀. Ẹ̀yin ni ọlọ́pàá yóò kọ́kọ́ fura sí. Ẹ kó fóònù yín sílẹ̀ fún wọn kí wọ́n tó béèrè. Ẹnì kan ṣoṣo ni kó máa bá ajínigbé sọ̀rọ̀, kì í sì í ṣe ẹ̀yin, nítorí ohùn yín yóò gbóná. Kẹ́ni náà tó sọ̀rọ̀ owó, kó béèrè ohun tí ọmọ nìkan mọ̀, bí orúkọ ajá ìyá àgbà. Ọ̀rọ̀ náà kò gbọdọ̀ dé WhatsApp.

Lẹ́yìn èyí ni ìbínú yóò dé, ibẹ̀ sì ni ọ̀pọ̀ nínú wa ti ń bàjẹ́. Ẹnì kan á sọ orúkọ ọmọ àdúgbò kan létí yín, ẹ ó sì fẹ́ lọ gbé e. Ẹni tí ọwọ́ yín lè tètè bà kì í sábà ju ẹni tí àwọn ajínigbé ń rán níṣẹ́ lọ. Bí kò bá dáhùn ìpè lálẹ́ kan, àwọn tó kù yóò gbé ọmọ kúrò níbi tí ọlọ́pàá ti fẹ́rẹ̀ẹ́ mọ̀, tàbí kí wọ́n pa á. Ẹni tí a ń nà á sì dárúkọ ẹnikẹ́ni tí a bá fẹ́. Abala 29 nínú Òfin Ẹ̀rí ọdún 2011 kò jẹ́ kí ilé ẹjọ́ gba ìjẹ́wọ́ tí a fi ìyà gbà. Bí ẹ bá tì í mọ́ ilé àkọ́kù, òfin ìjínigbé tí ìpínlẹ̀ Èkó ṣe ní 2017 lè mú ẹ̀yin náà, ẹ̀wọ̀n gbére sì ni. Bí ẹ bá sì pa á, ẹ má rò pé adájọ́ á ní inú ló bí yín. Ìbínú ojú ẹsẹ̀ nìkan ni òfin ọ̀daràn mọ̀, kò mọ èyí tí ènìyàn sùn lé.

Nítorí náà, lọ́jọ́ kìíní gan-an, bí ẹ bá jẹ́ ọlọ́pàá tí ìbọn ìjọba wà lọ́wọ́ yín, ẹ dá a padà sí ibi tí wọ́n ti fún yín. Ẹ kó kọ́kọ́rọ́ ọkọ̀ fún ẹ̀gbọ́n tàbí ìyàwó. Ẹ má sùn nìkan, ẹ má fẹnu kan ògógóró. Bí ẹ bá mu ún, àlá ohun tí ẹ rí á padà wá lóru ọjọ́ kejì, á sì burú sí i. Bí àlá, ìjayà àti àìsùn bá kọjá oṣù kan, ẹ lọ sí Àró l'Abẹ́òkúta tàbí ilé ìwòsàn ọpọlọ ní Yábà. Kì í ṣe wèrè nìkan ni wọ́n ń tọ́jú níbẹ̀.

Bí ọmọ bá padà dé, dókítà ni kó kọ́kọ́ rí i. Ẹ má bi í ní ìbéèrè kankan, bó ti wù kí ó máa jẹ yín lọ́kàn tó. Bí ìdílé bá ní kí ẹlòmíràn máa gbé e lọ sílé ìwé, ẹ jókòó ti onítọ̀hún, kí ẹ fi ìwé kékeré yẹn lé e lọ́wọ́, nọ́ńbà ọkọ̀ kọ̀ọ̀kan pẹ̀lú aago rẹ̀.