Bàbá mi, Spitfire, àti ọ́ìlì tó ń kán ní Duxford

Bàbá mi wá kí wa ní Lọ́ńdọ̀nù láti Abẹ́òkúta. Mo mú wọn dé ààfin ọba, wọ́n ní géètì rẹ̀ dára. A wọ ọkọ̀ ojú omi lórí Thames, wọ́n sùn lọ fọnfọn. Ọ̀gá mẹkáníìkì ni wọ́n ní Lafẹ́nwá, ohunkóhun tí kò bá ti ní ẹ́ńjìnnì, kì í pẹ́ sú wọn. Ni mo bá ní Duxford la máa lọ ní Sátidé.

A wọ rélùwéè ní Liverpool Street, a sọ̀kalẹ̀ ní Whittlesford. Mo ti kà á pé ọ̀nà ò jìn mọ́, mo ní ká fẹsẹ̀ rìn ín. Òjò ká wa mọ́ ojú títì, gbogbo mọ́tò tó ń kọjá ló ń ta omi sí wa lára. Bàbá ò bínú. Wọ́n kàn ní, "Ọmọ mẹkáníìkì tí kò ní mọ́tò."

Pápá bàálù ogun ni Duxford látilẹ̀, kò jìnnà sí Cambridge. Ibẹ̀ ni wọ́n kọ́kọ́ gbé bàálù ogun tí wọ́n ń pè ní Spitfire fún àwọn ọmọ ogun òfuurufú Gẹ̀ẹ́sì ní oṣù kẹjọ ọdún 1938. Ilé ìṣẹ̀ǹbáyé Imperial War Museum ló wà níbẹ̀ báyìí, àmọ́ bàálù ṣì ń gbéra níbẹ̀, ó ṣì ń balẹ̀. Àwọn tó fi owó ara wọn ra bàálù ogun àtijọ́ gba àyè síbẹ̀, mẹkáníìkì wọn á máa tú ẹ́ńjìnnì, okùn kan ṣoṣo ló wà láàárín àwọn àtàwa òǹwòran.

Nídìí okùn yẹn ni bàbá mi dúró sí. Wọ́n gbé abọ́ pẹrẹsẹ kan sábẹ́ imú Spitfire kan, ọ́ìlì ń kán sínú rẹ̀, tó, tó. Inú bàbá mi dùn bí ẹni tó rí ará ilé lẹ́yìn odi. "Ó ń jo!" Bàbá òyìnbó kan tó ń ṣiṣẹ́ ọ̀fẹ́ níbẹ̀ gbọ́ ohùn wọn, ó sún mọ́ wa. Òyìnbó tiwọn ò yé ara wọn dáadáa, ṣùgbọ́n ọwọ́ ni mẹkáníìkì fi ń sọ̀rọ̀.

Ẹnu rẹ̀ la ti gbọ́ nípa Spitfire kan tí nọ́ńbà rẹ̀ ń jẹ́ N3200. Ní ọjọ́ 26 oṣù karùn-ún ọdún 1940, Geoffrey Stephenson, ọ̀gá àwọn awakọ̀ 19 Squadron, gbé e kúrò lọ sí Dunkirk. Àwọn Jámánì yìnbọn lù ú, ó balẹ̀ sórí iyanrìn etí òkun ní Sangatte, nílẹ̀ Faransé. Wọ́n mú òun lẹ́rú, iyanrìn gbé bàálù mì. Ọdún 1986 ni wọ́n tó hú u jáde. Ní 2014, ó tún fò. Thomas Kaplan, olówó Amẹ́ríkà kan tó náwó lé e lórí, fi ta ilé ìṣẹ̀ǹbáyé náà lọ́rẹ ní oṣù keje ọdún 2015. Oṣù kan náà ni wọ́n lu èkejì rẹ̀, P9374, ní gbàǹjo, ó lọ ní £3.1 mílíọ̀nù, wọ́n sì fi owó náà ṣàánú.

Bàbá mi ò tilẹ̀ gbọ́ ti owó. "Níbo ni wọ́n ti rí páàtì? Ṣé tòkunbọ̀ ni?" Bàbá òyìnbó ní púpọ̀ nínú páànù ara rẹ̀ ni wọ́n rọ ní tuntun.

"Kí ló wá kù tó jẹ́ ti àtijọ́?"

"Díẹ̀. Àti nọ́ńbà rẹ̀."

Bàbá mi yíjú sí mi. "Dán ìyẹn wò ní Lafẹ́nwá, kí ọlọ́pàá gbé ẹ."

Mo rẹ́rìn-ín, àmọ́ ọ̀rọ̀ náà ò kúrò lọ́kàn mi. Irin tó wà nínú iyọ̀ òkun fún ọdún 46, ta ló fẹ́ fi ẹ̀mí ara rẹ̀ gùn ún láìpààrọ̀ rẹ̀? Bí wọ́n bá fẹ́ kí irin àtijọ́ náà wà bó ṣe wà, kí wọ́n gbé e síbi kan, kí ó má fò mọ́. Àwọn kan tilẹ̀ ní ohun tó yẹ gan-an nìyẹn. Oṣù kan ó lé díẹ̀ lẹ́yìn tí wọ́n fi N3200 tọrẹ ni bàálù ogun àtijọ́ mìíràn, Hawker Hunter, já lu títì ní Shoreham níbi ìpàtẹ bàálù, èèyàn 11 ló kú. Mi ò lè fọwọ́ rọ́ ìyẹn sẹ́yìn.

Ibi tá a jókòó sí tá a ti ń mu tíì ni bàbá mi ti sọ ohun tí mi ò gbọ́ rí. Bàbá tó bí wọn máa ń sọ pé nígbà ogun Hítílà, wọ́n ń dá owó bàálù fún ọba Gẹ̀ẹ́sì l'Abẹ́òkúta. Wọ́n rò pé àlọ́ ni. Mo yẹ fóònù mi wò: £5,000 ni iye tí wọ́n ń dá fún Spitfire kan, owó tó sì wá láti ilẹ̀ wa ló jẹ́ kí wọ́n pe ẹgbẹ́ awakọ̀ kan ní 91 (Nigeria) Squadron. Spitfire ni wọ́n ń fò láti Hawkinge, ní Kent. Tọ́rọ́ tọ́rọ́, sísì sísì.

"Àwa náà ní páàtì níbẹ̀ nìyẹn," ni bàbá mi wí.

Bí òjò ṣe dá ni wọ́n ti Spitfire oníjókòó méjì kan jáde, irú èyí tí èèyàn ń san owó tó lé ní £2,000 kí wọ́n tó gbé e fò fúngbà díẹ̀. Abẹ̀bẹ̀ rẹ̀ yí, ó dúró, ó tún yí. Ó wúkọ́, èéfín bò ó, iná bù yẹ̀rì lẹ́nu ẹgisọ́ọ̀sì, ó sì bú ramúramù. Sílíńdà méjìlá, líítà 27. Àyà mi ni mo ti gbọ́ ọ, kì í ṣe etí. Bàbá mi di ojú wọn.

"Méjèèjìlá ló ń ṣiṣẹ́. Kò sí ọ̀kan tó ń mísì."

Kò pẹ́ rárá tó fi sáré gbéra. Bí wọ́n bá dá a dúró nílẹ̀ pẹ́, gbígbóná ló máa gbóná. "Bíi dánfó," ni bàbá mi wí, ojú wọn ò kúrò lójú ọ̀run.

Nínú rélùwéè tá a wọ̀ padà, wọ́n gba fóònù mi, wọ́n pe ọmọṣẹ́ wọn lórí WhatsApp. Kíkí ò gùn.

"Ẹ́ńjìnnì Peugeot 504 tí mo ní kẹ́ ẹ kó kúrò lẹ́yìn ṣọ́ọ̀bù yẹn, ẹ ò tíì tà á fún àwọn onírin, àbí?"

Ọmọ náà dákẹ́ díẹ̀.

"Bàbá, ẹ ní kí n tètè tà á ni o."